Ẹlẹ́rìí Tí Ó Fẹ́ràn Ọmọ Olùpẹjọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó jí wa lónìí, tí ó sì fi ìmọ́lẹ̀ sí ojú wa láti ka ìwé. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò gùn, kò sì sí idán nínú rẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, àti ògiri kan tí Ìgbìmọ̀ Ìlú fẹ́ wó. Ẹ fara balẹ̀, kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá Adìwé ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá ọmọbìnrin náà, nítorí pé iṣẹ́ ìwé dídì ni ó ń ṣe. Bíbélì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ìwé orin tí ojú ewé rẹ̀ ń já bọ́, ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó wá bá a. Ìsàlẹ̀ ilé ni ṣọ́ọ̀bù wà, òkè ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú nígbà tí ọmọ wọn wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin ni ó bá a tọ́ ọmọ náà dàgbà. Nígbà tí ó dàgbà, òun ni ó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn àti òwú tí a fi ìda pa rán àwọn ojú ewé pọ̀, kí bàbá tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn wọn. Nítorí náà ni bàbá fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọmọ náà tín-ín-rín jù, bàbá á dáhùn pé, "Bó ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Abẹ́rẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní ọdún tí Ìgbìmọ̀ Ìlú sọ pé àwọn fẹ́ fẹ títì iwájú ilé wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, bàbá ti lọ ra awọ, Abẹ́rẹ́ nìkan ni ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó mú tépù ńlá lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, àǹtí. Láti ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ Ìgbìmọ̀ Ìlú ni mo ti wá. Mo fẹ́ wọn ilé yín."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ni ilé wa ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo ilé tó wà lójú títì yìí la ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹnìkejì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń ṣàìsàn. Ṣé ẹ lè bá mi di orí tépù mú?"

"Ṣé n ò ní di òṣìṣẹ́ ìjọba báyìí?"

"Fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ má retí owó ìfẹ̀yìntì."

Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ó nu gọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ iṣẹ́, ó gba orí tépù náà. Ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ti já.

"Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló gé e lọ́dún tó kọjá," ni Awọnlẹ̀ wí. "Ẹ má fi ẹnu rẹ̀ lé òkúta ààlà o. Ibi tí wọ́n kọ ení sí ni kí ẹ fi lé e. Tí mo bá ti ka iye tó wà lọ́dọ̀ mi, màá yọ ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é."

"Ẹ ò ṣe ra tuntun?"

"A ti kọ̀wé béèrè. Ìgbìmọ̀ Ìlú ṣì ń gbé e yẹ̀ wò."

Abẹ́rẹ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí òkúta ààlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi, ó fi ení lé orí òkúta náà. Awọnlẹ̀ fa tépù gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ já sí iwájú ilé, ó sì kà á ní ojú ògiri. Ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà àti ààbọ̀ ni ó kà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó kù kí ó yọ ọ̀kan kúrò nígbà tí Abẹ́rẹ́ jáde wá, òwú funfun ṣì wé mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Awọnlẹ̀, ilé wa ńkọ́? Ṣé ó yege?"

"Ó yege dáadáa."

"Máàkì mélòó lẹ fún un?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa ìwé dé.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún yín ní gbangba kí ẹ má baà máa wá a kiri. Kò yọ ọ̀kan náà kúrò. Ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ni ìwé ilẹ̀ Bàbá Adìwé fún un láti orí òkúta ààlà sí iwájú. Ohun tí ó bá kọjá ìyẹn, ti títì ni. Ilé náà kò kọjá ààlà, ṣùgbọ́n nínú ìwé Awọnlẹ̀ ó ti fi ààbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà kọjá.

Ní ọjọ́ Sátidé, Awọnlẹ̀ padà wá pẹ̀lú ìwé orin kan tí èèpo rẹ̀ ti ṣí. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ni ó ni ín. Bàbá Adìwé gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Abẹ́rẹ́ fi rán an. Ní gbogbo Sátidé, Awọnlẹ̀ á wá béèrè ibi tí iṣẹ́ dé, á jókòó, á mu omi, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ títí tí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú.

"Abẹ́rẹ́," ni bàbá rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan, "ìwé orin kan ṣoṣo yìí, ṣé àwọn áńgẹ́lì ló fẹ́ fi kọrin ni?"

"Ẹ ní kí n máa fara balẹ̀ ṣiṣẹ́, bàbá."

"Mo ní kí o fara balẹ̀. Mi ò ní kí o sùn sídìí ẹ̀."

Nígbà tí ìwé orin parí, Awọnlẹ̀ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Màmá Akọrin, ẹ̀gbọ́n Bàbá Adìwé tó tọ́ Abẹ́rẹ́ dàgbà, ni ó ń darí ẹgbẹ́ náà. Kò pẹ́ tí màmá fi mọ̀ pé kì í ṣe orin nìkan ni ọmọkùnrin yìí bá wá. Nígbà tí oṣù kẹta ń lọ sópin, àwọn méjèèjì fẹnu kò pé tí oṣù tuntun bá lé, Awọnlẹ̀ yóò mú ìyá rẹ̀ wá rí bàbá.

Kí oṣù náà tó lé, lẹ́tà Ìgbìmọ̀ Ìlú dé.

Bàbá Adìwé kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró. Wọ́n ní ilé rẹ̀ ti wọ inú ilẹ̀ títì. Wọ́n ní kí ó wó ògiri iwájú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò wá wó o fúnra wọn. Ó pe bíríkìlà kan wá wò ó. Bíríkìlà wo àwọn igi ńlá tó gbé òkè dúró, tí orí wọn wà nínú ògiri náà.

"Bàbá, ẹ má tan ara yín jẹ. Tí ògiri yìí bá lọ, òkè máa tẹ̀lé e."

Bàbá tún mú lẹ́tà náà, ó ṣí ìwé ìwọnlẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́, wá wo ọwọ́ ta lèyí. Ṣé kì í ṣe ti ọmọ ìwé orin nìyí?"

Abẹ́rẹ́ wò ó. Ọwọ́ Awọnlẹ̀ ni.

"Ó jókòó sórí àga mi. Ó mu omi mi. Ó wá lọ fi bírò wó ilé mi." Bàbá ká bébà náà ní ìká mẹ́rin. "Kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà yìí mọ́ láé. Mo ń lọ rí agbẹjọ́rò."

Báyìí ni Bàbá Adìwé ṣe pe Ìgbìmọ̀ Ìlú lẹ́jọ́. Adájọ́ pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ògiri náà títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé kóòtù rí, ẹ mọ̀ bí ẹjọ́ ṣe ń rìn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, adájọ́ wà ní ìpàdé. Ní ìgbà kejì, àwọn ará Ìgbìmọ̀ Ìlú ní àwọn ń wá fáìlì. Ní ìgbà kẹta, wọ́n rí fáìlì, agbẹjọ́rò wọn ni wọn kò rí. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń sún ẹjọ́ síwájú. Ní gbogbo ìgbà náà, Abẹ́rẹ́ á jókòó lẹ́yìn bàbá rẹ̀ ní apá ọ̀tún, Awọnlẹ̀ á jókòó lẹ́yìn agbẹjọ́rò Ìgbìmọ̀ Ìlú ní apá òsì, wọn kò sì gbọdọ̀ wo ara wọn.

Ọjọ́ Wẹ́sídeè ni wọ́n ń ríra, níbi ìdánrawò orin. Bàbá kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí ọkàn Abẹ́rẹ́ balẹ̀. Bí ó bá kúnlẹ̀ gbàdúrà ní òwúrọ̀, ẹnu rẹ̀ á dákẹ́ ní àárín. Kí ni kí ó bẹ Ọlọ́run fún? Kí bàbá borí? Nígbà náà, Awọnlẹ̀ ni yóò jẹ̀bi. Kí Awọnlẹ̀ má jẹ̀bi? Nígbà náà, òkè ilé ni yóò wó lé wọn lórí.

"Ṣé ó dá ọ lójú pé ilé wa kọjá ààlà?" ni ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Mo wọ̀n ọ́n, Abẹ́rẹ́. Ìwọ lo di tépù mú. Mi ò lè torí pé mo fẹ́ràn rẹ kí n kọ nọ́ńbà mìíràn."

Inú bí Abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí Awọnlẹ̀ tó lọ jẹ́rìí, ó jókòó nínú ọ́fíìsì, àgbà awọnlẹ̀ kan ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun bí wọ́n ṣe ń lo tépù tó já náà. "Gbàrà tí o bá ti kà á ni kí o yọ ọ̀kan kúrò," ni àgbà náà wí. "Kí o kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Má ní o máa rántí. O ò ní rántí." Awọnlẹ̀ dìde. Ó fa ìwé rẹ̀ ti ọdún tó kọjá jáde. Ilé mọ́kànlá ni ó wọ̀n ní ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn. Lábẹ́ mẹ́wàá, ó ti yọ ọ̀kan kúrò. Lábẹ́ ilé Bàbá Adìwé, bébà funfun ni ó wà níbẹ̀.

Ó gbé ìwé náà tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá wò ó, ó sì tì í padà sí i.

"Ìwé yẹn ti dé kóòtù. Kì í ṣe ìwé tìrẹ mọ́. Lọ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, kí o sì jókòó."

"Kò tọ́, sà."

"Ta ló bi ọ́ bóyá ó tọ́? Wọ́n ní kí o wá sọ pé ìwọ lo kọ ọ́. Ṣé ìwọ kọ́ ni?"

Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, lẹ́yìn ìdánrawò, Awọnlẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún Abẹ́rẹ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Akọrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì, ó ń to ìwé orin, etí rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wọn.

"O máa sọ ọ́ ní kóòtù, àbí?" ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Mo máa sọ ọ́. Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo ti rò ó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kọ́ nìyẹn. Ọ̀gá ti rí wa pọ̀ rí. Tí wọ́n bá mọ̀ pé mo ń fẹ́ ọ, wọ́n á ní torí rẹ ni mo ṣe ń jẹ́rìí lòdì sí ìwé ara mi. Ẹ̀rí mi ò ní wúlò mọ́, ilé yín á sì lọ."

Abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn. "Nígbà náà, jẹ́ kí a fi ara wa sílẹ̀ lónìí. Tí wọ́n bá bi ọ́, o lè sọ pé kò sí nǹkan kan."

"Ṣé kò wá ní sí nǹkan kan?"

Abẹ́rẹ́ yí ojú rẹ̀ sápá kan.

"Orí Bíbélì ni mo máa búra," ni Awọnlẹ̀ wí. "Mi ò lè fi irọ́ kan tún òmíràn ṣe."

Màmá Akọrin gbé ìwé orin sílẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbọ́. Òtítọ́ kì í ṣe ẹran tí a ń gé ní àbọ̀ kílò. Tí o bá máa sọ ọ́, sọ gbogbo ẹ̀. Ti àbúrò mi, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi." Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀. "Olúwa ṣàánú mi. Orí àbúrò mi le ju òkúta ààlà lọ."

Ọjọ́ kóòtù pé. Adájọ́ náà jẹ́ obìnrin àgbà tí kì í gbé ohùn sókè. Awọnlẹ̀ wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí, ó gbé Bíbélì sókè, ó búra. Agbẹjọ́rò Ìgbìmọ̀ Ìlú, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ awò ojú, na ìwé náà sí i.

"Ṣé ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n kò tọ́, sà."

Agbẹjọ́rò ti ń yí padà láti jókòó. Ó dúró. "Kí lo wí?"

Awọnlẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tépù náà, láti ilẹ̀kùn ọkọ̀ títí dé orí ẹsẹ̀ bàtà kan tí kò yọ kúrò. Bàbá Adìwé na ọrùn síwájú. Ọ̀gá Awọnlẹ̀, tó jókòó ní ìlà ẹ̀yìn, kọ nǹkan sí bébà pélébé kan, ó fi ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò. Agbẹjọ́rò kà á, ó tún awò ojú rẹ̀ tò.

"Ṣé o mọ ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn olùpẹjọ́ yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Òun ló bá mi di tépù mú."

"Ṣé ìyẹn nìkan?"

Abẹ́rẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Rárá, sà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ìyàwó mi."

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Akọ̀wé kóòtù gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó wo adájọ́.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni adájọ́ wí. "Ẹ̀rí ni."

Agbẹjọ́rò yíjú sí adájọ́, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ẹ̀yin Adájọ́, ẹ ti gbọ́ ọ. Ọmọkùnrin yìí ń wó iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nítorí obìnrin."

"Kí lo rí sọ sí i?" ni adájọ́ bi Awọnlẹ̀.

"Ẹ̀yin Adájọ́, wọ́n lè má gbà mí gbọ́, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n òkúta ààlà wà níbẹ̀, ògiri wà níbẹ̀. Ẹ ní kí ẹlòmíràn lọ wọ̀n ọ́n. Tépù ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni."

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un fi sójú, ó ní kí gbogbo wọn dìde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, adájọ́, akọ̀wé, àwọn agbẹjọ́rò méjèèjì àti awọnlẹ̀ kan láti ilé iṣẹ́ mìíràn wà ní ẹ̀yìn ilé Bàbá Adìwé. Tépù irin tuntun ni wọ́n lò. Adájọ́ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi, ó wo orí òkúta náà. Ó sì ní kí agbẹjọ́rò Ìgbìmọ̀ Ìlú lọ ka ti iwájú sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

"Ọgọ́ta ó dín ààbọ̀," ni agbẹjọ́rò wí. Ohùn rẹ̀ kò dùn mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, adájọ́ dá ẹjọ́: lẹ́tà Ìgbìmọ̀ Ìlú kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri náà. Ìgbìmọ̀ Ìlú ní àwọn kò ní pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Àwọn aládùúgbò wá bá Bàbá Adìwé yọ̀. Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn jáde, ó jókòó, ó sì wo ọmọ rẹ̀.

"Adájọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́. Akọ̀wé gbọ́ kí n tó gbọ́. Ọkùnrin tó ń gbá ilẹ̀ kóòtù gbọ́ kí èmi bàbá tó gbọ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo sọ pé kó má fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà mi. Mi ò yí i padà."

Oṣù méjì ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kan náà láìsọ ju "gbà" àti "mú un wá" lọ. Awọnlẹ̀ náà ń jẹ ìyà tirẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò nídìí ìwọnlẹ̀, wọ́n fi í sí yàrá tí wọ́n ń kó àwọn máàpù àtijọ́ sí. Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Abẹ́rẹ́ rárá. Abẹ́rẹ́ ń rò ó lójoojúmọ́. Ṣé ìfẹ́ ni èyí, àbí ìmoore nítorí ògiri? Bí ó bá jẹ́ ìmoore, ọpẹ́ nìkan ti tó, kò yẹ kí ó fi ara rẹ̀ san án.

Màmá Akọrin wọ bàtà. Ọ̀dọ̀ ìyá Awọnlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ.

"Ilé yín lọmọ mi gbà là," ni ìyá náà wí. "Iṣẹ́ tirẹ̀ ló fi san án. Kí lẹ tún fẹ́ gbà?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kó purọ́ ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló kọ́ ọ pé tó bá ti búra, kó sọ òtítọ́?"

Ìyá Awọnlẹ̀ wo ilẹ̀. "Èmi ni."

"Ẹ ṣé é gan-an. Ọmọ tí ẹ kọ́ bẹ́ẹ̀ la wá tọrọ. Ẹ ò sì ní bínú sí ẹ̀kọ́ tiyín."

Ìyá náà kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó bu omi fún un mu. Màmá Akọrin ní ìyẹn ti tó fún ọjọ́ kan. Ó gba ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀," ni Bàbá Adìwé wí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń di ìwé. Tí mo bá rán ewé kan sódì, mo máa ń tú u, n kì í dúró di ìgbà tí wọ́n bá pè mí lẹ́jọ́."

"Lọ́jọ́ wo?"

"Kí ni 'lọ́jọ́ wo'?"

"Ìwé atẹdùùrù ńkọ́?"

Bàbá gbé ọ̀bẹ ìgéwé sílẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, òun ni ó di ìwé orin ńlá ti atẹdùùrù ìjọ wọn. Ó ṣèèṣì rán ìdì orin ìsìnkú sí ibi tí orin ìgbéyàwó yẹ kí ó wà. Atẹdùùrù, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tí yóò ṣí, ṣí i ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ alàgbà kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù. Ìyàwó ti rìn dé àárín ìjọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé òkú ni wọ́n ń sin. Bàbá Adìwé ní ojú atẹdùùrù ni kò ríran dáadáa mọ́. Ó wá gba ìwé náà lọ "tún èèpo rẹ̀ ṣe," ó sì tún un rán ní ìdákẹ́jẹ́.

"Ọkùnrin náà lọ ra awò ojú," ni Màmá Akọrin wí. "Ọdún mọ́kànlá ló ti ń lò ó. Èmi nìkan ni mo mọ̀, mo sì dákẹ́, nítorí pé o jẹ́ àbúrò mi. Ọmọ tí o ń lé yìí, níwájú adájọ́ ló ti tú tirẹ̀. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni kó má fẹsẹ̀ kan ilé ta?"

Bàbá Adìwé mú ọ̀bẹ, ó tún gbé e sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó dúró de atẹdùùrù ní ẹ̀gbẹ́ dùùrù. Ó jẹ́wọ́ fún un, ẹnu rẹ̀ ń kólòlò bí ọmọ ilé ìwé.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì," ni atẹdùùrù wí. "Mo ka nọ́ńbà ojú ewé."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo ń retí rẹ." Ọkùnrin náà nu awò ojú rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. "O pẹ́ o, ṣùgbọ́n o dé."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Adìwé ránṣẹ́ pe Awọnlẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Wọ́n jókòó ní pálọ̀ òkè, àwọn méjì níhìn-ín, bàbá àti Màmá Akọrin lọ́hùn-ún. Abẹ́rẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Awọnlẹ̀ dìde, ó tẹrí ba.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dárí jì mí. Àṣìṣe mi ló kó yín dé kóòtù, ẹ̀yìn yín ni mo sì ti ń rí ọmọ yín."

"Ti àṣìṣe, mo ti dárí jì ọ́. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ tèmi ni." Bàbá tọ́ka sí àga. "Má jókòó ná. O sọ nǹkan kan fún adájọ́ lọ́jọ́ yẹn. Adájọ́ kọ́ ni bàbá rẹ̀. Sọ ọ́ fún mi."

"Mo fẹ́ràn Abẹ́rẹ́, sà. Mo wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín."

"Mo gbọ́." Bàbá yíjú sí fèrèsé. "Ìwọ ńkọ́? Agbẹjọ́rò ò bi ọ́. Adájọ́ ò bi ọ́. Èmi náà bínú fún oṣù méjì, mi ò bi ọ́. Mo ń bi ọ́ báyìí. Ṣé torí pé ó gba ilé yìí là ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni Abẹ́rẹ́ ti ń bi ara rẹ̀. Ó wo Awọnlẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. Ó rí i pé ìdáhùn ti wà lẹ́nu òun, kò sì le.

"Rárá, bàbá. Ká ní a pàdánù ẹjọ́ náà, ká ní inú yàrá kan tí a háyà la jókòó sí lónìí, màá ṣì fẹ́ ẹ."

"Ká ní èmi náà sọ pé rárá ńkọ́?"

"Màá dúró dè yín, bàbá. Mi ò ní fẹ́ ẹlòmíràn, mi ò sì ní sá lọ. Àárọ̀ lọ́la, ẹ máa bá mi lórí tábìlì."

Ìyá Awọnlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ọmọ yìí ti dá ẹjọ́ èmi náà. Ní tèmi, mo gbà á."

Bàbá Adìwé rọra fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ẹjọ́ parí," ni ó wí. "Mi ò ní pe kòtẹ́milọ́rùn."

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, mo gbà á ládùúrà fún yín: ilé yín kò ní wó lé yín lórí. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, Olúwa yóò fún yín ní ìgboyà láti jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Ẹni tí ẹ fẹ́ràn yóò fẹ́ràn yín padà ní gbangba, àwọn òbí yín yóò sì súre fún un láti ọkàn wá. Àlàáfíà Kristi kí ó bá yín gbé. Àmín.